Òwìwí Kinngait, Béárì Tó Ń Jó: Mo Dá Yín Lóhùn

Ní oṣù tó kọjá, mo kọ̀wé nípa ìpàtẹ àwòrán tí mo lọ wò ní Winnipeg, ní Kánádà, nígbà tí mo lọ bá ọmọbìnrin mi tọ́jú ọmọ tuntun. Qaumajuq lorúkọ ilé àwòrán náà. "Ó mọ́lẹ̀, ó tàn" ló túmọ̀ sí lédè Inuktitut, èdè àwọn Inuit tí ń gbé ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, níbi tí òkun fúnra rẹ̀ ti ń dì gbagidi. Mo sọ fún yín nípa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Kinngait, ìlú Inuit kan: òwìwí olójú roboto, béárì tó ń jó, ehoro tó ń jẹ ewé òkun, àti hẹlikópítà tó so ẹran ìgbẹ́ rọ̀ sábẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọnà ní Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ n kò rí irú rẹ̀ rí.

Mo rò pé lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ni yóò dé. Mọ́kàndínlógún ló dé. Àyè kò gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á tán, àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan tiẹ̀ bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ gbé òwìwí sínú ìwé ìròyìn tí àwọn ọmọ wa ń kà? Ẹyẹ òru ni, ẹyẹ àwọn àgbà ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bó bá ké lórí òrùlé wa, ìyá mi á dìde gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wá ní ó lẹ́wà!"
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá wa, mo gbọ́ yín, n kò sì fojú kéré ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ ṣe bẹ̀rù rẹ̀ lèmi náà ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ní Ìtòkú tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí òwìwí bá ké lálẹ́, ìyá ìyá mi á pa àtùpà, á ní kí gbogbo wa dákẹ́ títí yóò fi fò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú òwìwí tí obìnrin tó ya àwòrán yẹn ń rí fún yín. Funfun ni. Akọ rẹ̀ tó ti dàgbà a máa funfun báláú, abo rẹ̀ a máa ní àmì dúdú wínníwínní lára. Kò sí igi ní ilẹ̀ ibẹ̀ tó lè bà lé, nítorí náà orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń yé sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òru kì í ju ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ lọ, ojúmọmọ ló sì ń ṣọdẹ eku kéékèèké inú koríko. Ukpik ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ibẹ̀ ń rí i lọ́sàn-án gangan bí ọmọ tiwa ṣe ń rí lékèélékèé lẹ́yìn màlúù.

Kenojuak Ashevak lorúkọ obìnrin náà. Inú ilé yìnyín ni wọ́n bí i sí ní 1927, ní Ikirasaq, ibùdó ọdẹ kan ní gúúsù erékùṣù Baffin. Ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán awọ. Ní 1952, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Quebec, ó sì tó ọdún mẹ́ta tó fi wà níbẹ̀, ọkọ níbì kan, ọmọ níbì kan. Lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọláńgidi àti iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀ ló padà délé, tó mú pẹ́ńsùlù, tó ya òwìwí ní 1960.

Sítáǹpù tí mo fi hàn yín ni ọmọ mi rà fún mi, èyí tí Kánádà ṣe ní 1970 láti fi sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún àgbègbè Northwest Territories. Mo gbé e sábẹ́ gíláàsì tí mo fi ń ka Bíbélì. Òwìwí náà kọjú sí ọ gbọnrangandan, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì là roboto bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ìyẹ́ orí rẹ̀ tú jáde, ó gùn, ó tẹ̀, bí ìtànṣán oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn òkè. Ìrù rẹ̀ gbéra sókè, ó ká bọ̀, bí etí gèlè tí obìnrin dá sílẹ̀ lọ́jọ́ òde. Pupa ni, dúdú ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wò ó, n kò rí ibi tó ti dẹ́rù bani.

Ẹ̀dà 50 ni wọ́n tẹ̀ nínú àwòrán òwìwí náà gan-an, kì í ṣe sítáǹpù: 25 ní pupa àti dúdú, 25 ní àwọ̀ ewé àti dúdú. Ní 2018, wọ́n ta ẹ̀dà kan ní gbàǹjo ní iye tó ju 200,000 dọ́là Kánádà lọ. Òwìwí mìíràn tí obìnrin náà yà wà lára owó 10 dọ́là tí wọ́n tẹ̀ ní 2017 fún ayẹyẹ ọdún 150 orílẹ̀-èdè wọn. Kenojuak kú ní Oṣù Kìíní 2013. Bí wọ́n bá bi í ní ohun tí ẹyẹ rẹ̀ dúró fún, èsì rẹ̀ ni pé òun kàn fẹ́ kó dára lójú òun lórí pépà.

Ìyá wa, bí òwìwí bá ké lórí òrùlé yín lálẹ́ òní, n kò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń fi èyí han àwọn ọmọ, ẹ sọ ti ìyá yín fún wọn, kẹ́ ẹ sì sọ ti Kenojuak náà fún wọn. Orí wọn á gba méjèèjì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ lo ọ̀rọ̀ náà 'Ẹ́sikímò' nínú àròkọ yín. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò fẹ́ ẹ mọ́."
Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Ilé-Ifẹ̀

Òótọ́ lo sọ, mo sì tọrọ àforíjì. Inuit ni wọ́n ń pe ara wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ènìyàn". Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, Inuk ni. Èmi tí mo máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá pe Èkó ní orúkọ tí àwọn Potogí fún un, ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìlú àwọn ayàwòrán yìí gan-an ti gba orúkọ rẹ̀ padà: Cape Dorset ni àwọn òyìnbó ń pè é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2020 ni Kinngait, tó túmọ̀ sí àwọn òkè, ti wọ ìwé ìjọba. Wàá ṣì rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn nínú orúkọ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń tẹ àwòrán wọn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, West Baffin Eskimo Co-operative, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959.

"Màmá, ayàwòrán ni mí, ọmọ ọdún 22. Ẹ ní ẹ̀dà 50 ni wọ́n tẹ̀ nínú òwìwí yẹn. Tó bá jẹ́ pé àádọ́ta ló wà, èwo wá ni ojúlówó? Kí ló fà á tí wọn ò fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tà á lówó gọbọi? Ẹ sì jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"
Ọmọ Òṣogbo

Ìbéèrè tìrẹ ló dùn mọ́ mi jù, ọmọ mi, jókòó.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1957, òyìnbó ayàwòrán kan, James Houston, ń gbé láàrin àwọn ará Kinngait. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Osuitok Ipeelee, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ère gbígbẹ́. Osuitok mú páálí sìgá méjì, ó ń wo orí atukọ̀ tó wà lára wọn. Orí kan náà ni, irùngbọ̀n kan náà. Ó ní á mà sú ẹni tó jókòó tó ń ya orí yìí lára páálí kọ̀ọ̀kan o! Houston ò mọ bó ṣe máa fi ẹnu ṣàlàyé ìwé títẹ̀. Ó mú eyín walrus kan tí Osuitok ti fín nǹkan sí lára (walrus ni ẹran òkun ńlá tí eyín rẹ̀ méjì gùn bọ́ sílẹ̀ bíi ti erin), ó fi tàdáwà ra á, ó nù ún, ó sì tẹ tíṣù pẹlẹbẹ lé e. Nígbà tó ká tíṣù náà kúrò, àwòrán ti bọ́ sí i lára. Osuitok rí i, ó ní àwọn náà lè ṣe é.

Ní ìparí 1958, Houston lọ sí Japan, ó lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tẹ àwòrán láti ara igi, Un'ichi Hiratsuka. Ó mú ìmọ̀ àti pépà Japan bọ̀. Igi ò sí ní Kinngait, ṣùgbọ́n òkúta wà, ọmọ wọn tó mọ òkúta gbẹ́ sì pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni tó ya àwòrán á fi pẹ́ńsùlù yà á sórí pépà, á tà á fún ẹgbẹ́. Agbẹ́kùúta á dán ojú òkúta mọ́lẹ̀ kó rí pẹrẹsẹ, á gbé ìlà àwòrán náà lé e, á sì gbẹ́ gbogbo ibi tí kò gbọdọ̀ gba àwọ̀ kúrò. Wọ́n á yí tàdáwà lé e, wọ́n á tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọ́n á fi ọwọ́ rà á lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ á fi mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ká a. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ fún ìkejì. Bó bá pé 50, wọ́n á ba ojú òkúta náà jẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè tẹ òmíràn mọ́.

Nítorí náà, àádọ́tọ̀ọ̀ta ni ojúlówó. Òkúta kì í ṣe iṣẹ́ tó parí, pẹ́ńsùlù kì í ṣe iṣẹ́ tó parí. Orí pépà tí ọwọ́ ti rà ni àwòrán náà ti pé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ wàá rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, bíi 12/50, ìyẹn ìkejìlá nínú àádọ́ta, wàá rí àmì ẹni tó yà á àti ti ẹni tó gbẹ́ ẹ, àti òǹtẹ̀ pupa kékeré tó dà bí ilé yìnyín. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, pé wọn ò fi agbẹ́kùúta pamọ́. Ẹnì kan tàn mí rí níbí, ó ta fọ́tò àwòrán fún mi, ó pè é ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n wò nígbà yẹn, owó mi ì bá má lọ.

Wàyí o, ohun tó mú mi dúró gbagidi níwájú ògiri kan nìyí. Àwòrán Kenojuak tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, *Ehoro Tó Ń Jẹ Ewé Òkun*, 1959, kì í ṣe ti òkúta. Ara àpò awọ síìlì (ẹran òkun tí àwọn Inuit ń dọdẹ) kan tó rán fúnra rẹ̀ ni Houston ti rí àwòrán náà. Wọ́n gé ìrí rẹ̀ sára awọ síìlì, ihò ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì ki àwọ̀ gba inú ihò náà sórí pépà. Mo ké! Nítorí iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn. Aládìrẹ ni ìyá mi. Á tẹ́ páànù tí àwọn ọkùnrin ti gé òdòdó àti ẹyẹ sí lára sórí aṣọ, á fi irin pẹlẹbẹ fa láfún kọjá lórí rẹ̀, á ká páànù náà wọ̀ọ̀, ibi tí ihò wà nìkan ni láfún á dúró sí. Ibi tí tiwọn àti tiwa ti pínyà ni pé àwọ̀ ló ń gba ihò tiwọn kọjá. Tiwa, láfún tó gba ihò kọjá ló ń dènà aró, nítorí náà ohun tó jẹ́ àwọ̀ lọ́dọ̀ wọn, funfun ni lọ́dọ̀ wa. Lọ sọ́dọ̀ aládìrẹ tó bá súnmọ́ ọ, tọrọ ògbólógbòó páànù kan lọ́wọ́ rẹ̀, kó o fi tàdáwà dán an wò lórí pépà. Wàá rí ohun tí mò ń wí.

Kó o má sì gbàgbé ìlú tí o wà. Ní nǹkan bí 1964, nígbà tí Twins Seven-Seven, Muraina Oyelami àti Jimoh Buraimoh ń bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ọdún márùn-ún péré ni Kinngait ti fi ń tẹ àwòrán. Àwọn tí kò lọ iléèwé ọnà, tí wọ́n fi àlọ́ àti ohun tí ojú wọn rí ṣe àwòrán, ni wọ́n níhìn-ín lọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi ọdún méje ka àròkọ yín, ó sì ya pẹ́ńgúìnì tó ń fi agboòrùn ṣíji bo béárì funfun. Tíṣà rẹ̀ fi báírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀, ó kọ 'Irọ́ ni'. Ọmọ náà ò yàwòrán mọ́ láti ọjọ́ náà. Kí ni kí n ṣe?"
Bàbá ọmọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé ọkàn, ẹ bá mi kí ọmọ náà.

Tíṣà mọ ohun kan: béárì funfun ń gbé ní òkè pátápátá ayé, pẹ́ńgúìnì wà ní ìhà gúúsù, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní ilẹ̀ béárì. Gbogbo ayé ló wà láàrin wọn. Ó dára kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìlà pupa kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ. Ìjàpá bá àwọn ẹyẹ lọ jẹ àsè lọ́run, ó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì fò. Ta ló fa ìlà pupa kọjá lórí ìyẹn? A mọ̀ pé ìjàpá kì í fò. Nítorí pé a mọ̀ ọ́n gan-an ni àlọ́ náà fi dùn, ohun tí ojú gbogbo wa sì ń rí lẹ́yìn ìjàpá, bó ṣe lẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ni àlọ́ náà fi parí.

Bí àwọn Inuit ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn. Béárì tó ń jó nínú iṣẹ́ ọnà wọn, ọwọ́ ẹni tó ti tọ ipasẹ̀ béárì rí ló ti jáde. Nítorí náà, ẹ fún ọmọ yín ní nǹkan tí yóò fi kún àlọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé awọ béárì yẹn dúdú lábẹ́ irun, àti pé irun náà gan-an ò funfun. Ó mọ́ gaara bí ọ̀rá, inú rẹ̀ sì ṣófo, ìmọ́lẹ̀ tó ń bá a ló ń jẹ́ kó funfun lójú wa. Ẹ sọ fún un pé irú pẹ́ńgúìnì kan wà, èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó jẹ́ pé akọ ló ń gbé ẹyin lé orí ẹsẹ̀, tó ń fi awọ ikùn bò ó, tó sì ń dúró nínú òtútù fún oṣù méjì ó lé láìjẹun. Kí ẹ wá bi í pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló nílò agboòrùn? Ẹ ra páálí àwòrán tuntun fún un. Èyí tí wọ́n fa ìlà pupa sí yẹn, ẹ má jù ú nù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀.

"Obìnrin abìrù-ẹja tí ẹ sọ pé ó wà nínú àwòrán wọn, ṣé kì í ṣe Yemọja ni?"
Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Mo mọ ohun tó mú ọ béèrè, nítorí etí odò Ògùn náà ni wọ́n bí mi sí. Rárá, kì í ṣe òun, má sì jẹ́ ká yára fi orúkọ tiwa bo orúkọ ẹlòmíràn.

Sedna ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí, àwọn mìíràn ń pè é ní Nuliajuk. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n eegun rẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀ jù ú sínú òkun láti inú ọkọ̀. Ó di etí ọkọ̀ mú. Bàbá gé ìka rẹ̀. Ìka tó já bọ́ di síìlì, ó di walrus, ó di àbùùbùtán. Sedna rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ẹran omi wà. Bí ènìyàn bá ṣẹ èèwọ̀, irun rẹ̀ á lọ́, á dọ̀tí, á dí. Kò sì ní ìka tó lè fi tú u. Á di ẹran mú, ebi á dé sí ìlú. Ìgbà náà ni adáhunṣe wọn, angakkuq, á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a nínú ẹ̀mí, á yà á ní irun, á dì í fún un. Bí ara bá ti tù ú, á tú ẹran sílẹ̀.

Nígbà tí o bá tún rí àwòrán rẹ̀, irun ni kó o wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àsìkò ṣe irun yẹn ju ojú lọ, dídì gígùn méjì tó ń léfòó nínú omi. Bí ẹni tó ń dirun ọmọ rẹ̀ bá ka ìtàn yìí, mi ò rò pé ó nílò àlàyé mi.

"Ọjọ́ orí mi ti lé ní ọgọ́rin. Hẹlikópítà tó so ẹranko rọ̀ tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ-ọmọ mi sáré wọlé. Kí ni ìdí rẹ̀?"
Bàbá àgbà, Ìlọrin

Bàbá, ẹ kú ẹ̀rín o, ẹ̀mí yín á gùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó ka orúkọ rẹ̀.

Pudlo Pudlat ló yà á, ọdún 1986 ni. Wọ́n bí i ní 1916, ó sì kú ní 1992. Ìgbà tí kò sí ohun kankan lójú ọ̀run Kinngait ju ẹyẹ lọ ló ti dé ayé. Ó sì pẹ́ tó láti rí i kí bàálù di ohun tó ń gbé dókítà wá, tó ń gbé oúnjẹ wá, tó sì ń gbé aláìsàn lọ. Bí ẹlòmíràn ṣe ń ya ẹyẹ ló ṣe ń ya bàálù. Ó ń fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ muskox, ẹran bíi màlúù tí irun rẹ̀ wọ́lẹ̀, bí ẹni pé ẹran ìgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Ní 1990, ilé àwòrán orílẹ̀-èdè Kánádà ní Ottawa pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Inuk àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ni.

Orúkọ àwòrán tí ẹ rẹ́rìn-ín sí, bí n bá túmọ̀ rẹ̀, *Ìṣípòpadà Tipátipá* ni. Ẹ wo àwọn ẹranko yẹn: wọn ò jà, wọn ò ké, wọ́n kàn rọ̀ dirodiro bí ẹrù ọjà. N kò lè wò wọ́n kí n má rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1953 àti 1955. Ìjọba Kánádà kó àwọn ìdílé Inuit láti Inukjuak, ní àríwá Quebec, lọ dà sí Grise Fiord àti Resolute, tó jìnnà tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí ilé wọn, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà òtútù, tí ẹran tí wọ́n mọ̀ ọ́n dọdẹ kò sì sí bíi ti ilé. Wọ́n ṣèlérí fún wọn pé wọ́n lè padà tó bá yá. Ìlérí náà ò ṣẹ. Ọdún 2010 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì.

Bàbá, ẹ̀rín yín ò burú. Pudlo fẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, tí kò bá fẹ́ ẹ, kì bá má yà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ apá kejì yìí fún àwọn ọmọ tó sáré wọlé.

"Ṣé òótọ́ ni pé àwọn béárì yẹn ń tán lọ?"
Onímọ́tò, Ìbàdàn

Ní apá ìwọ̀ oòrùn òkun Hudson, tó kan ìpínlẹ̀ Manitoba tí Winnipeg wà, wọ́n ń dín kù. Àwọn tó ń kà wọ́n fojú bù wọ́n sí 842 ní 2016. Ní 2021, 618 ló kù. Orí yìnyín òkun ni béárì ti ń jẹun. Á dúró tì ihò tí síìlì ti ń yọ imú mí, á dúró fún wákàtí púpọ̀ láìmira. Bí yìnyín bá yára yọ́ tó sì pẹ́ kó tó dì, ọjọ́ ebi rẹ̀ ló ń gùn sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de epo lójú títì á mọ bó ṣe rí kéèyàn máa dúró de ohun tí kò dé, ṣùgbọ́n béárì ò ní ọ̀nà mìíràn.

"Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ìpàtẹ ẹranko ilẹ̀ yìnyín. Kò sí owó ohun èlò. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"
Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ṣágámù

Ẹ ti ara adìyẹ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ béèrè nìyẹn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ wo adìyẹ ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan: bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè bó bá fẹ́ ronú, bó ṣe ń pa ojú rẹ̀ dé láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Kí wọ́n yà á pẹ̀lú èédú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi fọ́tò òwìwí funfun hàn wọ́n, ẹ ó rí i pé wọ́n á béèrè ohun tó tọ́ nípa rẹ̀. Fíìmù X-ray àtijọ́ dára jù páálí lọ fún gígé ihò, nítorí ó ṣeé fọ̀ kẹ́ ẹ sì tún lò ó. Àgékù fóòmù lẹ lè fi ki àwọ̀. Ẹ má fún ọmọ ní abẹ kó gé e fúnra rẹ̀.

"Màmá, Winnipeg ni mo wà, nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gba iwájú ilé yẹn kọjá lọ síbi iṣẹ́, n kò wọlé rí. Ẹ ti mú ojú tì mí. Mo ní ọmọ méjì, wákàtí kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi ní sùúrù. Kí ni ká wò?"
Ìyá ìbejì, Winnipeg

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́, ọmọ mi, iṣẹ́ ló gbà ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ má tíì wọlé. Ẹ dúró síta kẹ́ ẹ wo ilé gíláàsì ńlá tó wà ní àárín, àjà mẹ́ta ló ga, ó sì ń rí bíríkótó. Nǹkan bí 5,000 ère ló wà nínú rẹ̀, òkúta, egungun àti eyín, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì sì ń rí láìsan kọ́bọ̀. Kí ìbejì kọ̀ọ̀kan yan ẹranko kan láti ìta. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọlé lọ wá a. Ìyẹn á gba ogún ìṣẹ́jú, kò sì ní sú wọn.

Bí ẹ bá dé ibi àwòrán títẹ̀, kí wọ́n ka nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ sókè fún ọ. Lẹ́yìn náà, bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí iṣẹ́ Pauta Saila bá wà níta lọ́jọ́ náà. Ará Kinngait ni, òun ló gbẹ́ béárì tó ń jó tí mo kọ̀wé nípa rẹ̀: òkúta tó wúwo, tó sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Yí i ká lọ sẹ́yìn. Ibi ìbàdí rẹ̀ ni ijó náà wà.

Ọjọ́ mìíràn tí o bá ráyè, kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Assiniboine Park. Láti 2014 ni wọ́n ti ṣe ọ̀nà abẹ́ omi kan síbẹ̀ tí béárì ń wẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun lẹ́yìn mi, àwọn ènìyàn ń pariwo, ni ọ̀kan bá já wọ omi. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ gíláàsì lókè orí mi, ó tóbi tó àwo tí mo fi ń bu iyán fún àlejò, irun kún àárín ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ara padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ kan lókè, ìbàdí rẹ̀ ṣáájú. Mo mọ ibi tí Pauta ti rí i.